Báwo la ṣe lè mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde padà wá sí ilé-ìwé wọn, kí wọ́n má sì tún lọ?

Akọ̀wé Ìmọ̀wò

Ẹ̀yin ọmọ Alárè, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kí ẹ̀yin ará Rẹ́mọ náà. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ló gbé mi wá. Ilé-ìwé girama ìjọba ni tiwa, ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ báyìí tó 600. WhatsApp kan ṣoṣo la ní, gbogbo sẹ́ẹ̀tì ló wà pọ̀ nínú rẹ̀, látorí àwọn bàbá tó jáde ní 1968 dórí àwọn ọmọ tó jáde lọ́dún tó kọjá. Ìkíni ọjọ́ ìbí àti ìkéde òkú ló kún ibẹ̀. Tá a bá ti dárúkọ owó, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Àwọn mẹ́ta-mẹ́rin tó rí já jẹ ló ń gbé gbogbo ìnáwó, ó sì ti ń sú wọn.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: báwo là ń ṣe wá àwọn tó ti sọnù? Irú owó wo là ń gbà lọ́wọ́ èèyàn tí kò ní máa sá fún wa? Iṣẹ́ wo ló sì yẹ ká ṣe fún ilé-ìwé tí kò ní dẹnu kọlẹ̀ láàrin ọdún méjì? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá máa dáhùn là á yé mi ní ẹsẹẹsẹ, torí àwọn àgbà ẹgbẹ́ á bi mí bí a ó ṣe ṣe é.

Ọmọ Òkè-Àgbò

Akọ̀wé, ẹ kú àmójútó. Kẹ́ ẹ tó béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ pín ẹgbẹ́ yẹn sí sẹ́ẹ̀tì-sẹ́ẹ̀tì. Èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ náwó nítorí ògiri ilé-ìwé. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí wọ́n mọ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, tí wọ́n á béèrè rẹ̀ tí kò bá yọjú, ìtìjú àti ìfẹ́ wọn ló ń mú un tọwọ́ bọ àpò. Nínú WhatsApp tí gbogbo sẹ́ẹ̀tì wà, ọmọ tó jáde ní 2019 kò lè fèsì sí ohun tí bàbá tó jáde ní 1968 bá sọ, bàbá náà kò sì mọ ọmọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tẹ́ ẹ̀ ń rí nìyẹn.

Ìjẹ̀bú ti ní ètò yìí nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ la pè é, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, bíi Bóbagúnwà àti Gbóbaníyì. Bóbagúnwà kì í dá owó Gbóbaníyì. Kálukú ń kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ jọ, ó ń ra aṣọ tirẹ̀, ó ń yan olórí tirẹ̀, ẹgbẹ́ kan kò sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ kejì yọ ju òun lọ níbi ọdún Ojúde Ọba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe sẹ́ẹ̀tì.

Sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan yóò ní WhatsApp tirẹ̀ àti aṣojú méjì: ọ̀kan tó ń gbé nítòsí ilé-ìwé, tó lè lọ wo nǹkan lójú, ọ̀kan tó ń gbé Èkó tàbí òkè òkun. Àwọn aṣojú yìí nìkan ni yóò wà nínú ẹgbẹ́ àpapọ̀ tẹ́ ẹ ti ń gbìmọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú-ìwé ìkéde kan tó jẹ́ pé àwọn alábòójútó nìkan ló lè kọ nǹkan síbẹ̀. WhatsApp ní ètò Community tó ń so gbogbo èyí pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan. Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ WhatsApp kan kì í gbà ju èèyàn 1,024 lọ, ilé-ìwé tó bá ti pẹ́ yóò kọjá bẹ́ẹ̀. Òfin méjì péré ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀: kò sí ìṣèlú, kò sí ọ̀rọ̀ àtagbà. Ohun méjì yẹn ló ń lé àwọn èèyàn gidi jáde láìdágbére.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí orí àwọn tó sọnù, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí Facebook. Ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sí wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá, kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tọrọ àyè láti ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ìwé náà kò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀. Ẹ yà á lójúmọmọ, nítòsí fèrèsé, láìtan iná fóònù, torí iná yẹn máa ń mú kí tádàwà tó ti ṣí di funfun. Ẹ sọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ọdún àti ojú ewé, bíi 1974-012. Ẹ tètè ṣe é o. Ikán àti ọ̀rinrin ti jẹ ọ̀pọ̀ ìwé báyìí tán ní ilé-ìwé wa gbogbo, èyí tí ikán bá jẹ kò tún ṣeé kọ padà.

Ẹni méjì ni kó tẹ orúkọ sórí Google Sheets, kí ẹnì kẹta máa fi wé fọ́tò. Òpó tó gbọdọ̀ wà nínú tábìlì náà: orúkọ tó ń jẹ́ nígbà tó wà nílé-ìwé, orúkọ tó ń jẹ́ báyìí, ọdún tó wọlé, ọdún tó jáde, kíláàsì rẹ̀ (A, B tàbí C), ìlú tó ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà fóònù méjì, ímeèlì, àti ọjọ́ tẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn. Ẹ fi òpó kan kún un fún "ó gbà ká tọ́jú ìsọfúnni òun", torí òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni de ẹgbẹ́ náà. Ẹ má gbé tábìlì yẹn sójú gbogbo ayé. Tí nọ́ńbà àwọn èèyàn bá bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀, kò sẹ́ni tó tún máa fún yín ní tirẹ̀.

Nígbà náà lẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn. Olórí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kọ̀ọ̀kan àti àwọn igbákejì rẹ̀ lẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá rí, ẹ bi í léèrè èèyàn mẹ́ta péré: "Ta lẹ jọ jókòó? Ta lẹ jọ ń rìn wálé? Ta lẹ rí kẹ́yìn?" Tẹ́ ẹ bá ní kó kọ gbogbo ẹni tó mọ̀, ó máa ní òun ó ṣe é, kò sì ní ṣe é. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì mọ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó ń tajà ní Òkè-Àjẹ, àwọn mẹkáníìkì, àwọn télọ̀ àti àwọn onímọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá ni, wọ́n ń sá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé, tó lè dáhùn nígbà tí olè bá gbé ẹ̀rọ omi. Ẹni tó kúrò ní fọ́ọ̀mù kẹta nítorí pé owó tán, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ náà ni. Ẹ gbà á wọlé.

Akápò Rẹ́mọ

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àgbò ti sọ ohun tó jẹ́ ìpìlẹ̀. N ó sọ ti owó.

Ohun tó ń lé èèyàn ni kéèyàn dáwó kó má mọ ibi tó wọlé sí. Torí náà, ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ ohun tí òfin CAMA 2020 pè ní Incorporated Trustees. Ẹ ó yan àwọn tí dúkìá ẹgbẹ́ máa wà níkàáwọ́ wọn (èèyàn márùn-ún ni mo fẹ́ràn, láti inú sẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀), ẹ ó kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, ẹ ó sì kéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, tí ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń kà ní àgbègbè yín. Ẹni tó bá ní àtakò ní ọjọ́ 28 láti kọ ọ́ ránṣẹ́. Lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí, ìròyìn ọdọọdún ń bẹ tó gbọdọ̀ dé CAC láàrin 30 oṣù kẹfà àti 31 oṣù kejìlá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀: wọ́n gba ìwé, wọ́n gbé e kọ́ ògiri, ọdún márùn-ún kọjá, ìtanràn ti gorí ara wọn. Báǹkì yóò tún béèrè ìwé SCUML kó tó ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́; ẹ̀ka tó ń dènà owó ẹ̀gbin lábẹ́ EFCC ló ń fúnni.

Àkáǹtì náà gbọdọ̀ wà lórúkọ ẹgbẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti akápò, bó ti wù kó jẹ́ ẹni Ọlọ́run tó. Kí àwọn mẹ́ta ní àṣẹ lórí rẹ̀, kí owó má jáde láìsí ọwọ́ méjì níbẹ̀. Ẹ má gba owó lọ́wọ́ rárá, àní níbi ìpàdé pàápàá. Tí èèyàn bá fẹ́ san, kó tẹ̀ ẹ́ láti orí fóònù, kó sì kọ sẹ́ẹ̀tì àti orúkọ rẹ̀ sí àyè àlàyé: "1994 Adébáyọ̀". Láìsí ìyẹn, akápò á rí 5,000 náírà mẹ́tàdínlógún lórí ìwé báǹkì, kò ní mọ ẹni tó ni èwo, ẹni tó san máa bínú pé wọn ò dárúkọ òun, kò sì ní san owó mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kékeré tó ń wá lóṣooṣù sàn ju ńlá ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n lọ fi àṣẹ sílẹ̀ ní báǹkì kí owó máa lọ fúnra rẹ̀, 500, 1,000, 2,000, èyí tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Tí èèyàn 40 nínú sẹ́ẹ̀tì kan bá ń san 2,000 náírà lóṣù, ọdún mẹ́ta á pé, 2,880,000 náírà ti wà nílẹ̀ láìsí ariwo. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ìròyìn jáde: iye tó wà tẹ́lẹ̀, iye tó wọlé, iye tó jáde àti ohun tá a fi ṣe, iye tó kù. Ẹ to orúkọ àwọn tó san ní ABD láìkọ iye sí i níwájú. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ ká pariwo ẹni tó san mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹni tó san 500 ń ka ìwé kan náà, ẹ kò sì ní fẹ́ kójú tì í.

Ti ìlérí níbi àpèjẹ: ẹ ya òpó méjì, "ó ṣèlérí" àti "ó ti dé". Ẹ má bá kọngílá tọwọ́ bọ̀wé títí ohun tó wà ní òpó kejì á fi tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé tó dúró sídìí ògiri láìní òrùlé nínú ọgbà ilé-ìwé, orí ìlérí ni wọ́n kọ́ ọ.

Ọ̀kan ṣì kù, ó sì ṣe pàtàkì. Ẹ ya àpò ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó sọ́tọ̀ kúrò lára àpò ilé-ìwé. Ọ̀fọ̀ máa ń ṣẹ̀ lóṣooṣù nínú ẹgbẹ́ tó bá tóbi. Tó bá jẹ́ àpò kan náà, ìbánikẹ́dùn á jẹ gbogbo rẹ̀ tán, ilé-ìwé ò ní rí nǹkankan.

Akọ̀wé Ìmọ̀wò

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àwọn kan nínú wa ní ká ṣe ìpàdé ńlá ní ọjọ́ Ojúde Ọba, torí gbogbo èèyàn á ti wálé, ká sì dá aṣọ ẹgbẹ́ sí i. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìpérù

Ọmọ mi, ẹ má ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ọjọ́ yẹn sì jẹ́ ti rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àti àwọn ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó ti wọṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ kò ní bọ́ ọ sílẹ̀ wá jókòó nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ ni mo fọwọ́ sí, aago mẹ́wàá sí aago kan, kí wọ́n lè padà sí Èkó kó tó ṣú. Ọjọ́ náà kò sì dúró lójú kan. Ní 2024, 18 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2025, 8 oṣù kẹfà. Bó ṣe ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, ó ń wọnú àkókò ìdánwò WAEC lọ nìyẹn. Ẹ béèrè tábìlì ìdánwò lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé kẹ́ ẹ tó gbé ẹ̀rọ ohùn wọ ọgbà. Ní Rẹ́mọ níhìn-ín, Kérésì àti Àjíǹde ló ń kó èèyàn wálé jù, àmọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kì í sí níbẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ kí àgbà rí ọmọ tó wọ irú aṣọ tó wọ̀ rí ló ń ṣí ọwọ́ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe ọjọ́ kan láàrin sáà fún èyí, kẹ́ ẹ pe sẹ́ẹ̀tì méjì-mẹ́ta péré, ó máa mówó wọlé ju àpèjẹ lọ.

Ní ti aṣọ, ẹni tó bá fẹ́ kó rà á. Ẹ má fi ṣe ẹ̀rí wíwọlé. Ẹni tí owó aṣọ bá lé sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, ó ṣòro kó tó tún dé. Fìlà tàbí gèlè aláwọ̀ ilé-ìwé ti tó.

Mo tún rí i pé ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ àwa obìnrin. A máa ń yí orúkọ padà nígbà tá a bá lọ́kọ, òun ló fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀tì tó ní ọmọbìnrin 50 á ní mẹ́wàá péré nínú WhatsApp. Orúkọ ilé baba ni kẹ́ ẹ máa fi wá wa, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́dọ̀ àwọn àbúrò wa ọkùnrin tí kò yí tiwọn padà. Àwọn ọkùnrin mìíràn náà ti yí tiwọn: ẹni tó jẹ́ Ògúnbánjọ nínú ìwé lè ti di Olúbánjọ.

Àwọn tó ń jáde lọ́wọ́lọ́wọ́ ló rọrùn láti mú jù, àwọn gan-an lẹ sì ń jẹ́ kí wọ́n lọ. Nígbà tí SS3 bá ń ṣe WAEC, gbogbo wọn wà lójú kan. Kí aṣojú ẹgbẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò kan, kó kọ orúkọ wọn, kó gba nọ́ńbà ìyá tàbí bàbá wọn, torí fóònù ọmọ á yí padà kí ọdún tó parí. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé ọdún 18, nítorí náà òbí ni kó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n yan aṣojú méjì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Wọ́n wà ní yunifásítì tàbí lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ máa fún wọn ní ìmọ̀ràn, kẹ́ ẹ sì máa bá wọn wá ibi ìkọ́ṣẹ́ dípò. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá ràn lọ́wọ́ ní ọdún 19 á rántí rẹ̀ nígbà tó bá pé 35.

Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè

Iṣẹ́ inú ọgbà ni n ó sọ. Ẹ má yan iṣẹ́ fún ilé-ìwé láti Èkó. Ẹ ní kí ọ̀gá kọ ohun mẹ́ta tí wọ́n nílò jù, ní ìtòtẹ̀léra, kí ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà pẹ̀lú SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé-ìwé, fọwọ́ sí i. Àyè wà fún akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ nínú SBMC, ẹ rí i pé aṣojú yín jókòó níbẹ̀. Ìjọba ló ni ilé-ìwé, nítorí náà ilé kíkọ́ gbọdọ̀ gba ọ́fíìsì ètò-ẹ̀kọ́ ẹkùn kọjá sí Mínísírì Ètò-Ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tẹ́ ẹ jọ mọwọ́ ara yín, wọ́n lè gbé e lọ ibòmíràn nígbàkigbà. Ìwé àdéhùn tó jẹ́ ti ilé-ìwé, tí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ẹkùn, lẹ máa fi lé ọ̀gá tuntun lọ́wọ́.

Ká mú omi, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlànà àjọ ìlera àgbáyé fún ilé-ìwé tí ọmọ ń lọ tó sì ń bọ̀ ni lítà márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, láìka omi ṣáláńgá mọ́ ọn. Ọmọ 600 jẹ́ lítà 3,000. Ilé ìgbẹ́ tí wọ́n ń da omi sí á gba lítà kan ààbọ̀ sí mẹ́ta sí i lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tánkì lítà 5,000 á gbé e, àmọ́ omi inú rẹ̀ nìkan wúwo tó tọ́ọ̀nù márùn-ún. Irin ẹsẹ̀ rẹ̀ àti kọnkéré abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ṣọ́wó ná.

Ilẹ̀ wa ò rí bákan náà. Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn, omi sábà máa ń wà níbẹ̀. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wà lórí àpáta, inú ìlà àpáta tó ya ni omi ń gbà, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ sanwó fún onímọ̀ ilẹ̀ tó máa fi ẹ̀rọ yẹ ibẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ihò gbígbẹ lẹ ó rà. Lẹ́yìn gbígbẹ́, kí wọ́n fa omi náà fún wákàtí mélòó kan láìdáwọ́ dúró, kí wọ́n wọn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ àti bó ṣe ń padà, kẹ́ ẹ tó ra ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó bá lágbára ju omi ìsàlẹ̀ lọ á máa fa afẹ́fẹ́, á sì jóná. Sólà sàn ju jẹnẹrétọ̀ lọ, torí ilé-ìwé kì í ní owó epo. Olè ni ìṣòro rẹ̀: ẹ gbé e sórí òrùlé, kí wẹ́dà jó orí nọ́ọ̀tì mọ́ irin, kí àpótí ìdarí wà nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́.

Iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, ẹ di ìdá kan nínú mẹ́wàá owó kọngílá mú fún oṣù mẹ́fà, kí òjò kan kọjá lórí rẹ̀. Ẹ sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ náà pamọ́ fún àtúnṣe. Yàrá kọ̀ǹpútà ló ń fi èyí hàn jùlọ: wọ́n á gé rìbọ́ọ̀nù, bátìrì á kú lẹ́yìn ọdún méjì, yàrá á di àgádágodo, bẹ́ẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ìdánwò JAMB wà láti 2015, ọmọ tí kò di máòsì mú rí ló ń lọ jókòó síwájú rẹ̀.

Tí owó ò bá tíì pọ̀, sísan owó WAEC fún ọmọ mẹ́ta tí òbí wọn kò ní, tààrà sí àkáǹtì ilé-ìwé, dáa ju kíkun ẹnu ọ̀nà ní ọ̀dà lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù

Mo fi kékeré kún un fún ẹ̀ka òkè òkun. Tí owó tó ń wọlé fún ẹ̀ka yín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Wales bá kọjá £5,000 lọ́dún, tí iṣẹ́ àánú sì ni ẹ̀ ń ṣe, Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú níbí, ni kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí HMRC, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí níbí, bá wá gbà yín wọlé, ètò Gift Aid á fi 25p kún gbogbo £1 tí ẹni tó ń san owó orí níbí bá dá. Ẹni náà kàn máa kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kò gbọdọ̀ tọrọ rẹ̀ lórí owó àpèjẹ tàbí tíkẹ́ẹ̀tì o. Àwọn alábòójútó ibí sì gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé iṣẹ́ náà la fi owó ṣe ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹ̀yin ará ilé, ẹ máa fi rìsíìtì àti fọ́tò ránṣẹ́ láìjẹ́ pé a bẹ̀ yín. Fún àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ tó bá ní ìwé 501(c)(3), ìyẹn ìwé ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í san owó orí, lè jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tí olùfúnni ń bá ṣiṣẹ́ fi owó kún èyí tó dá. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọn kò béèrè rí.

Akọ̀wé Ìmọ̀wò

Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ìbéèrè tó kù: tí àwọn bàbá bá ní àwọn kò fẹ́ pínyà sí sẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ọmọ Òkè-Àgbò

Ẹ má tú ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ ká. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó ní ẹni tó dáńgájíá nínú, kẹ́ ẹ sì fi ètò ọdún 25 siwájú àwọn àgbà: sẹ́ẹ̀tì tó bá pé ọdún 25 tó jáde ni yóò gbàlejò lọ́dún náà, tí yóò sì ṣe iṣẹ́ kan sí ọgbà. Ti 2001 ló ni 2026, ti 2002 ló ni 2027, ti 2003 ló ni 2028. Kálukú á mọ ọdún tirẹ̀ ṣáájú, á ti máa tu owó jọ láti ọdún mẹ́ta. Ẹ fi ti ọdún 50 síwájú àwọn bàbá gẹ́gẹ́ bí ipò iyì, láìdá owó lé wọn. Láti inú ìwé orúkọ tẹ́ ẹ yà ní fọ́tò, ẹ tẹ orúkọ àwọn tó jáde ní 2003 síta lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ wo iye tó máa mọ ara wọn.